Ilé Orí Igi Tó Wá Nínú Páálí: Àyẹ̀wò Lẹ́yìn Ọdún Mẹ́ta

Ó ti pé ọdún mẹ́ta báyìí tí ilé orí igi tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ti wà lórí igi ẹ̀yìn ilé wa, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ dúró kí ọdún mẹ́ta náà pé kí n tó kọ ohunkóhun nípa rẹ̀. Ìdí ni pé ọ̀pọ̀ àyẹ̀wò tí mo kà kí n tó rà á ni àwọn tó kọ wọ́n kọ ní ọ̀sẹ̀ kìíní, nígbà tí òórùn pákó tuntun kò tíì lọ, tí àwọn ọmọ ṣì ń fò sókè fò sílẹ̀ nínú rẹ̀, tí kò sì sí ẹni tó tíì mọ ohun tí òjò, oòrùn àti igi fúnra rẹ̀ máa ṣe sí i. Ilé tí a bá kọ́ sórí ilẹ̀, a lè dá a lẹ́jọ́ ní ọjọ́ tí a parí rẹ̀. Èyí tí a gbé lé orí ohun abẹ̀mí, tó ń sanra, tí atẹ́gùn ń mì tọ̀sán tòru, kò ṣe é dá lẹ́jọ́ bẹ́ẹ̀.

N kò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ tó ṣe é, nítorí pé apá kan nínú ẹ̀dùn mi jẹ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín èmi àti àwọn nìkan, ó sì ṣeé ṣe kó má ṣẹlẹ̀ sí ẹlòmíràn. Irú ọjà náà ló ṣe pàtàkì. Ilé onípákó ni, tí wọ́n ti gé gbogbo ẹ̀yà ara rẹ̀ sílẹ̀, tó wá nínú páálí gígùn 4. Pẹpẹ rẹ̀ fẹ̀ ní mítà 2, ó sì gùn ní mítà 2 àti ààbọ̀. Ó ní ògiri 4, òrùlé onípákó, ilẹ̀kùn kan, fèrèsé 3, ọ̀pá ààbò yíká etí pẹpẹ, àkàbà kan, àti bóòtì ńlá 4 tí wọ́n fi ń gbé gbogbo rẹ̀ kọ́ ara igi. Àwọn tó ń ta irú rẹ̀ pọ̀, ohun tí mo bá sì sọ nípa èyí yóò ba ọ̀pọ̀ nínú àwọn yòókù wí.

Ó yẹ kí ẹ mọ irú ojú tí mo fi ń wò ó. Èmi náà ní ilé orí igi nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nígbà tí wọ́n wà ní ọmọ ọdún 11, tí èmi wà ní ọmọ ọdún 7, pẹ̀lú pákó tí àwọn káfíńtà fi sílẹ̀ lẹ́yìn tí a tún òrùlé ilé wa ṣe. Iṣẹ́ tèmi ni pé kí n máa fi òkúta lu àwọn ìṣó tó ti tẹ̀ títí wọn yóò fi tún tọ́, ìka ara mi ni mo sì lù jù lọ ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Ní ọdún kìíní, ilé náà kò ní ògiri rárá. Pákó mẹ́fà tí a tò sórí ẹ̀ka méjì ni, a sì ń pè é ní ilé láìṣiyèméjì. Ní ọdún kejì ó ní ògiri kan àti páànù tó ti dípẹtà lórí. Ní ọdún kẹta ni a ṣe ẹnu ọ̀nà, ẹnu ọ̀nà náà sì há débi pé ọmọdé nìkan ló lè gba ibẹ̀ kọjá. Kì í ṣe ọgbọ́n la dá, pákó ló tán. Ṣùgbọ́n híhá ẹnu ọ̀nà yẹn ló wá di òfin ilé náà: kò sí àgbàlagbà tó wọ inú rẹ̀ rí. Àwọn òbí wa máa ń dúró sísàlẹ̀ igi, wọn á pè wá, àwa ni yóò sì pinnu bóyá a ti gbọ́ tàbí a kò tíì gbọ́.

N kò sọ pé ilé náà dára. Bí mo bá fi ojú tòní wò ó, orí ló kó wa yọ. Ìṣó tí a kàn mọ́ ara igi náà lé ní 40, gbogbo rẹ̀ kóra jọ sójú kan. A fi okùn ọ̀rá so pẹpẹ mọ́ ẹ̀ka kan, okùn náà sì wọ inú èèpo igi lọ díẹ̀díẹ̀ títí a kò fi rí i mọ́, ẹ̀ka yẹn sì gbẹ kí n tó pé ọmọ ọdún 12. Kò sí ẹni tó sọ ìdí rẹ̀ fún wa. Ọjà tí mo ń ṣàyẹ̀wò yìí gan-an ló kọ́ mi ní ohun tí a ṣe sí igi náà, èyí sì jẹ́ ọ̀kan lára ìdí tí n kò fi lè bínú sí i tán.

Nígbà tí àwọn páálí náà dé, ẹ̀gbọ́n mi wá bá mi ṣe iṣẹ́ náà. Mo tú àwọn ìṣó àti súkúrù jáde. Gbogbo rẹ̀ ń dán, wọ́n ti kà á ní iye-iye sínú ọ̀rá kéékèèké tí nọ́ńbà wà lára rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi gbé ọ̀rá kan sókè, wọ́n wò ó títí, wọ́n ní, “Àwọn èyí ti tọ́ tán. Kí ni wọ́n wá fi sílẹ̀ fún àwọn ọmọ láti ṣe?” Mo fi rẹ́rìn-ín, mo ní kí wọ́n bá mi mú sípánà wá. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé kò sí àyẹ̀wò kankan nípa ọjà náà tó ṣe ṣókí tó sì péye tó ìyẹn.

Ìwé ìtọ́nisọ́nà tó bá a wá mọ́, àwòrán ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, ẹni tó bá sì ti lo ẹ̀rọ ìlu-ihò rí kò ní sọnù nínú rẹ̀. Wákàtí 8 ni wọ́n kọ síbẹ̀ pé iṣẹ́ náà máa gbà. Àwa méjì lo ọjọ́ 2 gbáko, a kò sì ṣe é bí ọ̀lẹ. Ibi tí mo ti kí wọn kú iṣẹ́ ni ojú ewé tó sọ nípa bí a ṣe ń yan igi. Wọ́n ní kí a wo ìdí igi bóyá olú ń hù níbẹ̀, nítorí pé olú tó hù ní ìdí igi sábà máa ń jẹ́ àmì pé inú rẹ̀ ti ń rà. Wọ́n ní kí a fi òòlù onígi kan ara igi yíká, kí a tẹ́tí sí i bóyá yóò dún bí ohun tó ní ihò nínú. Wọ́n kìlọ̀ pé kí a má ṣe da erùpẹ̀ jọ sí ìdí rẹ̀, kí a má sì ṣe máa gba ojú kan náà tẹ ilẹ̀ ibẹ̀ mọ́lẹ̀ lójoojúmọ́, torí pé èyí tó pọ̀ jù lára gbòǹgbò igi kì í jìn ju nǹkan bí 60 sẹ̀ǹtímítà lọ, ilẹ̀ tó bá sì ti ki kò ní jẹ́ kí gbòǹgbò rí afẹ́fẹ́ àti omi tó. Igi tiwa yọ ẹ̀ka ńlá méjì láti ìsàlẹ̀, èyí tó nípọn bí ìtì igi gan-an, ara rẹ̀ sì le. Ó yege.

Àwọn bóòtì 4 náà ni mo fẹ́ yìn jù lọ nínú gbogbo ọjà yìí. Ọ̀kọ̀ọ̀kan nípọn tó ọrùn ọwọ́ ọmọdé, ó ní ọrùn irin tó fẹ̀ tó máa ń jókòó díẹ̀ sínú ara igi, apá tó ṣẹ́kù sì yọ síta bí ẹ̀ka. Orí apá tó yọ síta yìí ni igi tó gbé pẹpẹ jókòó sí. Kì í ṣe ilé-iṣẹ́ yìí ló dá ọgbọ́n náà; Michael Garnier, tó ń kọ́ ilé orí igi ní Oregon ní Amẹ́ríkà, wà lára àwọn tó gbé irú bóòtì bẹ́ẹ̀ jáde ní àwọn ọdún 1990, iṣẹ́ kíkọ́ ilé sórí igi kò sì rí bákan náà mọ́ láti ìgbà yẹn. Kí èyí tó dé, ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣe ni ohun tí àwa náà ṣe: ìṣó lórí ìṣó, okùn lórí okùn.

Ìdí tí bóòtì ńlá kan fi sàn ju ogún ìṣó lọ ni pé igi kì í wo egbò rẹ̀ sàn bí ara ènìyàn ṣe ń ṣe. Alex Shigo, onímọ̀ igi ará Amẹ́ríkà, ló ṣàlàyé èyí yékéyéké ní àwọn ọdún 1970: bí nǹkan bá dá igi lọ́gbẹ́, ńṣe ni igi náà máa ń mọ odi yí ojú ọgbẹ́ ká nínú ara rẹ̀, kí ìrà má bàa tàn kọjá ibẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò máa dàgbà bò ó. Bí ọgbẹ́ bá jẹ́ ẹyọ kan, tó mọ́, tó jìnnà sí òmíràn, igi á mọ odi rẹ̀, á sì máa bá tirẹ̀ lọ. Bí ọgbẹ́ bá pọ̀ tí wọ́n sún mọ́ra, odi wọn á pàdé, gbogbo àárín wọn á sì kú. Ìyẹn ni ogójì ìṣó wa. Ní ti okùn, lábẹ́ èèpo igi gan-an ni awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tí igi ti ń fi kún ara rẹ̀ lọ́dọọdún, ìtòsí ibẹ̀ náà sì ni oúnjẹ tí ewé sè ń gbà sọ̀ kalẹ̀. Igi ń sanra, okùn kì í sanra. Bí okùn bá yí i ká láìtú, ó ti fún un lọ́rùn nìyẹn.

Lára bóòtì 4 náà, 2 ni a de igi pẹpẹ mọ́ gbọn-in. Lórí 2 tó wà ní ẹ̀ka kejì, ńṣe ni igi pẹpẹ kàn jókòó sínú ọwọ́ irin gígùn kan, tó fi lè máa yọ́ síwá sẹ́yìn. Ní ọjọ́ tí atẹ́gùn líle kọ́kọ́ fẹ́, mo dúró sísàlẹ̀ mo ń wò ó. Ẹ̀ka kan ń lọ sí apá kan, èkejì ń lọ sí apá mìíràn, pẹpẹ náà sì ń yọ́ lórí ọwọ́ irin rẹ̀ láìsí pákó kan tó ké. Ká ní wọ́n ti dè é mọ́ ẹ̀ka méjèèjì pinpin ni, nǹkan kan ì bá ya, ì báà jẹ́ pákó, ì báà jẹ́ igi. Mo ti máa ń rò pé ilé tó le ni ilé tí kò mì.

Àlàfo tó wà láàárín èèpo igi àti igi pẹpẹ jẹ́ 8 sẹ̀ǹtímítà ní ọjọ́ tí a parí rẹ̀. Mo wọ̀n ọ́n ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó ku 6 àti ààbọ̀. Igi náà ti ń bọ̀ wá bá ilé, ìwé ìtọ́nisọ́nà sì ṣàlàyé dáadáa bí a ṣe máa sún igi pẹpẹ síta nígbà tí àlàfo bá ku 3. Níbi yìí ni mo ti tún rántí irọ́ kan tí ẹ̀gbọ́n mi pa fún mi nígbà yẹn. Wọ́n ní bí igi bá ṣe ń ga ni yóò máa gbé ilé wa lọ sókè, pé nígbà tí a bá fi máa di àgbàlagbà, àárín ìkúùkù ni a ó ti máa sùn. Mo gbà á gbọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ṣùgbọ́n ṣóńṣó orí ẹ̀ka ni igi ti ń ga, ìdí rẹ̀ kàn ń fẹ̀ ni. Ìṣó tí a bá kàn mọ́ ọn ní mítà kan ààbọ̀ lónìí, mítà kan ààbọ̀ náà ni a ó ti bá a lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún. Àwọn ọmọ mi ti fa ìlà sí ara igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ bóòtì láti fi wọn gíga ara wọn ní ọjọ́ tí a kọ́ ilé náà. Ìlà náà wà níbi tó wà. Èyí àgbà ti fi orí kan kọjá rẹ̀.

Ní ti ààbò, n kò rí ohun púpọ̀ tó kù síbi kan. Pẹpẹ náà ga ní mítà kan àti 80 sẹ̀ǹtímítà sí ilẹ̀, n kò sì ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kí ó gbé e ga jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 10. Ọ̀pá ààbò rẹ̀ dúró dáadáa, àlàfo tó wà láàárín ọ̀pá kan àti èkejì kò sì tó 9 sẹ̀ǹtímítà. Ẹ wọn èyí fúnra yín bí ẹ bá ń ra ti ilé-iṣẹ́ mìíràn tàbí tí ẹ bá ń kọ́ tiyín. Àlàfo tó bá wà láàárín 9 àti 23 sẹ̀ǹtímítà ló léwu jù, nítorí pé ara ọmọ lè fi ẹsẹ̀ gba ibẹ̀ yọ́ jáde kí orí rẹ̀ sì há, ọmọ náà á wá fi ọrùn rọ̀. Wọ́n tún ní kí a da ẹ̀rún igi sí abẹ́ rẹ̀ kí ó nípọn tó 30 sẹ̀ǹtímítà, èyí tí mo ṣe, tí mo sì ń fi kún un nígbà gbogbo torí pé òjò àti ẹsẹ̀ ọmọ ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Àkàbà rẹ̀ rọrùn jù fún ìfẹ́ inú tèmi. Ó fẹ̀, ó dagun díẹ̀, ó ní ọwọ́ ìdìmú lápá méjèèjì. Àgbàlagbà lè gbé ẹrù gùn ún. Nígbà tí èmi ń gun tiwa lọ́mọdé, ẹ̀rù máa ń bà mí ní pákó kẹrin lójoojúmọ́, mo sì ń gùn ún lójoojúmọ́. N kò lè rọ ilé-iṣẹ́ kankan pé kí wọ́n ta ẹ̀rù fún ọmọdé, mo kàn ṣàkíyèsí pé kò sí i nínú páálí.

Ẹ jẹ́ kí n wá dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Nígbà tí a tú páálí kẹrin, a rí i pé ògiri ẹ̀yìn méjì ni wọ́n kó sínú ẹrù wa, wọn kò sì fi ògiri iwájú sí i, èyí tí ilẹ̀kùn wà lára rẹ̀. Mo kọ̀wé sí wọn. Wọ́n ní kí n fi àwòrán ránṣẹ́. Mo fi ránṣẹ́. Ẹlòmíràn dá mi lóhùn lẹ́yìn ọjọ́ 9, òun náà ní kí n fi àwòrán ránṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ 7 gbáko ni ògiri náà fi dé. Ìbínú bí mi gidigidi ní àkókò náà, torí pé ilé tí kò ní iwájú ni a gbé dúró sórí igi, gbogbo ẹni tó bá sì wá kí wa ló ń béèrè bóyá owó ló tán. Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ wọn ṣe rí, kò dára. Ohun kan tí mo lè fi gbè wọ́n lẹ́sẹ̀ ni pé wọn kò béèrè ògiri ẹ̀yìn kejì padà, wọ́n ní kí n mú un.

Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ 7 yẹn ni ìgbà tí ilé náà dára jù lọ. Ọmọ mi àgbà wà ní ọmọ ọdún 9 nígbà náà, àbúrò rẹ̀ wà ní 6. Ní ọjọ́ kejì tí wọ́n gun orí rẹ̀, wọ́n ti fi páálí tí ẹrù náà bá wá dí iwájú rẹ̀. Òjò pa á, ó rọ̀. Wọ́n fi aṣọ ìbora àtijọ́ rọ́pò rẹ̀, wọ́n so òkúta mọ́ etí rẹ̀ nísàlẹ̀ kí atẹ́gùn má bàa gbé e, ọgbọ́n tí n kò kọ́ wọn. Wọ́n bá ara wọn jà lórí ibi tí ó yẹ kí ẹnu ọ̀nà wà, wọ́n kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ fún odindi ọ̀sán kan, wọ́n sì wá pinnu pé ẹnu ọ̀nà yóò jẹ́ méjì. Wọ́n fi okùn àti korobá ṣe ohun tí wọ́n fi ń fa nǹkan sókè. Wọ́n ṣe òfin, wọ́n kọ ọ́ sára páálí, wọ́n sì fi àṣìṣe kọ “Ẹ má wọlé” tó fi dà bí ẹni pé àlejò ni wọ́n ń kí. Lálaalẹ́ ni wọ́n ń sọ ohun tí wọ́n máa ṣe lọ́la. Nígbà tí ògiri iwájú dé, tí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi gbé e dè, tó sì bá ibi tó yẹ mu rẹ́gírẹ́gí, àwọn ọmọ náà dúpẹ́. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà tí ilé náà fi ń dá wà.

Àbùkù tó wà nínú ọjà yìí ni pé ó ti parí. Kò sí ibì kan lára rẹ̀ tó ń béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ ọmọ tí a rà á fún. Ògiri iwájú náà ló sì burú jù. Ilẹ̀kùn rẹ̀ ga tó mítà kan ààbọ̀, àgbàlagbà kàn máa tẹ orí ba díẹ̀ ni yóò sì ti wà nínú ilé. Ìta ni wọ́n fi ìkọ́ tí a fi ń tì í sí. Fèrèsé 3 náà, ilé àwọn òbí ni 2 nínú wọn kọjú sí, ìwé ìpolówó ọjà náà sì fi èyí yangàn pé òbí yóò lè máa rí ọmọ rẹ̀ nígbà gbogbo. Ọkàn mi balẹ̀ nígbà tí mo kà á. Ọkàn àwọn tó máa gbé inú rẹ̀ ni kò sí ẹni tó béèrè. Ní ọjọ́ kan mo gbé omi gòkè lọ fún wọn, mo ṣílẹ̀kùn, mo wọlé, àwọn méjèèjì sì dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí àbúrò ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa kan ilẹ̀kùn.” Mo ní kí wọ́n má bínú. Mo ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàbà tó rọrùn náà, mo sì ń rántí pé ní gbogbo ọdún tí a fi wà nínú tiwa, n kò rí orí ìyá mi lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ohun tí mo rí nínú ilé yẹn nígbà èwe kò ju pé ibì kan wà tí èmi ni mo mọ ohun tó wà níbẹ̀. Mo sunkún níbẹ̀ nígbà tí ọ̀rẹ́ mi kan ṣí lọ. Mo ka ìwé tó ju ọjọ́ orí mi lọ níbẹ̀. Ìgbà tí mo pé ọmọ ọdún 13, mo fẹ́ wọlé ní ọ̀sán kan, èjìká mi kò sì gba ẹnu ọ̀nà náà kọjá mọ́; mo gbìyànjú ọ̀tún, mo gbìyànjú òsì, mo wá jókòó sórí ẹ̀ka níta, mo ń wo inú rẹ̀. Ilẹ̀kùn onímítà kan ààbọ̀ kò ní sọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fún ọmọ kankan láé.

Ní ti pákó rẹ̀, mo lè yára sọ ọ́. Wọ́n ti fi oògùn tọ́jú rẹ̀ kí ikán àti ìrà má bàa jẹ ẹ́, oògùn náà kò sì ní asẹ́níìkì, tó jẹ́ májèlé, nínú. Ẹ ṣọ́ra fún pákó àtijọ́ tí ẹ bá rí níbì kan tí ẹ sì fẹ́ lò fún ọmọdé, torí pé ọ̀pọ̀ pákó tí wọ́n tọ́jú láyé ọjọ́un ní asẹ́níìkì. Ní Amẹ́ríkà, ìparí ọdún 2003 ni àwọn tó ń ṣe é tó dáwọ́ títà rẹ̀ fún ilé gbígbé àti ibi ìṣeré dúró. Oògùn tí wọ́n ń lò báyìí ní kọ́pà nínú, kọ́pà sì máa ń jẹ irin lásán. Ilé-iṣẹ́ náà mọ èyí, wọ́n sì fi súkúrù tí kì í dípẹtà dè ògiri, ṣùgbọ́n àwọn irin tí ilẹ̀kùn fi kọ́ jẹ́ irin lásán, wọ́n ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ kí oṣù 8 tó pé. Mo pààrọ̀ wọn. Òrùlé kò jò. Ọ̀dà rẹ̀ ti ń ṣí ní apá tí oòrùn ti ń pa á. Ìwé ìdánilójú ọlọ́dún 10 wà lórí pákó náà, níwọ̀n ìgbà tí ẹni tó rà á kò bá gé ohunkóhun kúrò lára rẹ̀, tí kò sì lu ihò tuntun sí i.

Èmi ti gé e. Ní nǹkan bí oṣù mẹ́rin sẹ́yìn, mo yọ ògiri iwájú náà kúrò, mo gbé ògiri ẹ̀yìn tó jẹ́ àṣìṣe wọn jáde, mo tú u sí pákó lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì kó o sí ìdí igi pẹ̀lú ayùn ọwọ́, òòlù, agolo ìṣó kan àti ẹ̀gbọ́n mi, tó jókòó sórí àga tó ń wo àwọn ọmọ láìfọwọ́ kan nǹkan kan. Ọmọ mi àgbà ti pé ọdún 12, mo sì ti rò pé ó ti kọjá irú eré bẹ́ẹ̀. Òun ló kọ́kọ́ mú ayùn. Ògiri tí wọ́n ṣe kò gún, pákó kan gùn ju èkejì lọ, wọ́n sì fi àlàfo sílẹ̀ tí mo ní láti ní kí wọ́n dí nítorí ìwọ̀n 9 sẹ̀ǹtímítà tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹnu ọ̀nà rẹ̀ wà nísàlẹ̀ ní igun, ó há, òkè kékeré kan sì wà lẹ́nu rẹ̀ tí ènìyàn máa gun kí ó tó wọlé. N kò tíì wọ ibẹ̀, wọn kò sì tíì pè mí.

Ìràwọ̀ 3 nínú 5 ni mo fún un: gbogbo ohun tó wà lábẹ́ pẹpẹ tọ́ sí 5, ohun tó wà lókè rẹ̀ kò sì tọ́ sí ju 1 lọ. Bí ẹ bá ní igi tó dára, tí ẹ kò sì ní ọgbọ́n láti gbé pẹpẹ dúró lórí rẹ̀ láìpa á lára, ọjà yìí yóò ṣe é fún yín lọ́nà tó péye ju bí ọ̀pọ̀ káfíńtà yóò ṣe ṣe é lọ. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti de ọ̀pá ààbò, ẹ dúró níbẹ̀, kí ẹ kó àwọn ògiri tó kù fún àwọn ọmọ. Mo kọ̀wé béèrè lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ náà bóyá ènìyàn lè ra bóòtì, pẹpẹ àti ọ̀pá ààbò nìkan, láìsí ògiri, nítorí pé ẹnìkan ládùúgbò wa fẹ́ ra tirẹ̀. Wọ́n ní kò sí irú rẹ̀ lórí àtẹ. Wọ́n tún ní kí n fi àwòrán ránṣẹ́.